Páìpù Géèjì Ọ́ìlì Mọ́tò Àtijọ́: Àwọn Ìbéèrè Tẹ́ Ẹ Máa Ń Bèèrè Jù ní Ifẹ̀ àti Iléṣà

Àwọn tó ní mọ́tò àtijọ́ láyìíká Ifẹ̀ àti Iléṣà ló máa ń bi mí láwọn ìbéèrè yìí lọ́tùn-ún lósì. Mo tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé èyí tó takókó.

Kí tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní páìpù géèjì ọ́ìlì?

Páìpù tín-ín-rín kan ni, kò fẹ́ẹ̀ nípọn ju ike tín-ín-rín tí yíǹkì wà nínú ẹ̀ nínú bírò lọ. Ó gbé ọ́ìlì láti ara ẹ́ńjìnnì wá sẹ́yìn géèjì tó ń sọ bí agbára ọ́ìlì ṣe tó ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ́ìlì yẹn fúnra ẹ̀ ló ń ti abẹ́rẹ́ géèjì, kò sí iná bátìrì kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Nínú géèjì, idẹ pẹlẹbẹ kan wà tó ní ihò nínú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, tí agbára ọ́ìlì bá wọ inú ẹ̀ ó máa fẹ́ nà, bó ṣe ń nà bẹ́ẹ̀ ló ń fa abẹ́rẹ́ lọ. Ará Faransé kan, Eugène Bourdon, ló gba ẹ̀tọ́ àtiṣe irú ẹ̀ ní 1849, wọ́n ṣì ń fi orúkọ ẹ̀ pè é dòní.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé ọ́ìlì inú páìpù yẹn, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yín náà ni. Pọ́ǹpù tó ń fún bẹ́árìnnì, ìyẹn ibi tí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì ti ń yí, lọ́ìlì ló ń tì í wá. Tí páìpù bá já, pọ́ǹpù ò mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, á kàn máa da ọ́ìlì yín sílẹ̀ títí súǹpù, ìyẹn agbada abẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì wà nínú ẹ̀, á fi gbẹ ni.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá páìpù ni tèmi ń lò àbí wáyà?

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n ti so géèjì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Tó bá jẹ́ wáyà ló wà lórí ẹ̀, géèjì oníná ni, rìwáyà lẹ máa pè. Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì idẹ tí páìpù kọ́pà, ike tàbí háósì jáde nínú ẹ̀, páìpù ni tiyín ń lò.

Nínú àwọn tó ṣì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, Mercedes W123, ìyẹn Bẹ́ǹsì tí wọ́n ṣe láàárín 1976 sí 1985, páìpù ló ń lò, W115 tó ṣáájú ẹ̀ náà páìpù ni. V-boot, ìyẹn W124, wáyà ni. MGB àtijọ́, mọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń lo páìpù. Ọ̀pọ̀ Morris Minor, Volkswagen Ìjàpá àti ọ̀pọ̀ Peugeot 404 àti 504 ò ní géèjì rárá láti ilé iṣẹ́, iná pupa lásán tó ń tàn tí agbára ọ́ìlì bá fẹ́ tán ni wọ́n fún wọn, àfi tí ẹnì kan bá ti fi géèjì kún un lẹ́yìn ìgbà náà. Àwọn mọ́tò kan tó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pe OAU ní University of Ife, ìyẹn kó tó di 1987, ọwọ́ mẹkáníìkì mélòó kan ni wọ́n ti gbà kọjá, torí náà ẹ má gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́, ẹ fojú ara yín rí i.

Kí ni àmì pé páìpù ti fẹ́ bàjẹ́?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ fún ọ́ìlì, ẹ ò sì ní rí ibi tó ti wá. Ẹ na ọwọ́ sẹ́yìn géèjì, ẹ fi tíṣù funfun nu ìdí nọ́ọ̀tì, tí tíṣù bá dúdú tó sì ń dán, ibẹ̀ ló ti ń jò. Nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ máa rí ọ́ìlì tó ti gba eruku pọ̀ mọ́ra nídìí nọ́ọ̀tì, tàbí kẹ́ ẹ máa gbóòórùn ọ́ìlì jíjó torí pé ó ń kán sórí sáléńsà.

Ti ike Bẹ́ǹsì máa ń yí padà sí àwọ̀ bíráùn. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án tó le gbagidi tí kò fẹ́ tẹ̀ mọ́, ẹ yẹ ibi tó ti wọ inú nọ́ọ̀tì wò dáadáa pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ni lílà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á tín-ín-rín bí ẹyọ irun, ọ́ìlì á sì máa yọ jáde níbẹ̀ kìkì ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ó kàn ń jò díẹ̀díẹ̀ ni, ṣé mo lè máa wà á lọ?

Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì ló dẹ̀, tẹ́ ẹ mú un le tó dáwọ́ dúró, kò burú. Tó bá jẹ́ ara páìpù ló là, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wà á lọ ibì kankan tó jìnnà. Lílà kì í sọ fúnni kó tó já. Ẹ rántí pé Ìjàpá, nǹkan bíi lítà méjì ààbọ̀ péré ni gbogbo ọ́ìlì tó wà nínú ẹ̀, kò ní pẹ́ rárá kó tó dà nù tán.

Ewu kejì ni iná. Ọ́ìlì tó ń kán sórí mánífóòdù, ìyẹn irin tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì, lè gbiná tó bá gbóná, èyí tó sì ń jò nínú mọ́tò ń kán sáàárín wáyà tàbí sórí ìtẹ̀ búréèkì yín.

Mẹkáníìkì mi ní ká yọ ọ́ dànù ká dí ojú ẹ̀ pa, iná pupa ṣáà wà. Ṣé kò burú?

Láti fi gbé mọ́tò délé, kò burú. Láti fi máa lò ó títí, mi ò gbà. Iná pupa kì í sábà tàn títí agbára ọ́ìlì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, nígbà tó bá fi máa tàn bẹ́árìnnì ti lè máa jẹra wọn. Géèjì ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín, ẹ máa rí i pé abẹ́rẹ́ tó máa ń dúró síbì kan tẹ́lẹ̀ ti ń dúró nísàlẹ̀ ibẹ̀, ẹ ṣì ní àyè láti ṣe nǹkan sí i. Ṣíṣe ẹ́ńjìnnì látìbẹ̀rẹ̀ lóde òní, ẹ̀yin náà mọ iye tó ń jẹ, kọ́pà wo wá ni kọ́pà tí ẹ ò lè rà.

Nínú kọ́pà, náílọ̀n àti háósì onírin híhun, èwo ló dára jù?

Kọ́pà kì í yọ́, ó sì ń pẹ́. Gbígbọ̀n nìkan ló kórìíra. Ẹ́ńjìnnì ń mì, bọ́dì mọ́tò kì í mì bẹ́ẹ̀, tí kọ́pà bá wà láàárín wọn ní nínà ṣangiliti á máa le sí i lójoojúmọ́ títí á fi là. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ká a po nítòsí ẹ́ńjìnnì kó lè rí àyè mì. Agolo mílíìkì kékeré ni kẹ́ ẹ fi ká a, yípo méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má fi ọwọ́ lásán tẹ̀ ẹ́ kó má baà ṣẹ́ po.

Náílọ̀n ò wọ́n, ó rọrùn láti fà gba ibi kọ́rọ́kọ́rọ́, gbígbọ̀n ò sì ṣe é ní nǹkan. Ooru ló ń pa á. Pẹ̀lú ooru ọ̀sán ilẹ̀ wa yìí àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tẹ́ ẹ máa bá ní Lagere tàbí Sábó, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn máa ń gbóná kọjá sísọ. Nínú mọ́tò, lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, mi ò bínú sí náílọ̀n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mánífóòdù, ká má tiẹ̀ sọ ọ́. Ti Bẹ́ǹsì nìkan ló yàtọ̀ torí ike ni wọ́n dìídì ṣe fún un, ibi tó gbà kọjá ò sì sún mọ́ iná, tuntun tó dáa ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò ẹ̀.

Háósì onírin híhun ló dára jù nínú ẹ́ńjìnnì, àmọ́ ó wọ́n, ohunkóhun tó bá sì ń fara kàn ló máa rẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìbáà ṣe wáyà ìbáà ṣe páìpù fúẹ́ẹ̀lì, torí náà ẹ fi kílíìpù dè é mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ni mọ́tò, háósì ni mo máa lò láti ẹ́ńjìnnì dé ara irin tó pín ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó níyà, màá wá fi kọ́pà gba ibẹ̀ dé ìdí géèjì. Bí àwọn òyìnbó ṣe ṣe ti MGB gan-an nìyẹn, mi ò tíì rí ètò tó dáa jù ú lọ.

Ṣé mi ò lè fi páìpù dírípù tàbí háósì fúẹ́ẹ̀lì rọra gbé e ná?

Rárá o. Páìpù dírípù, omi ni wọ́n ṣe é fún, ọ́ìlì gbígbóná á sọ ọ́ di jẹ́lẹ́jẹ́lẹ́. Háósì fúẹ́ẹ̀lì àwọn mọ́tò oníkabúrétọ̀, nǹkan bíi psi 3 sí 5 ló ń gbé (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tó ń ti nǹkan). Ọ́ìlì lè tó psi 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná. Kílíìpù tẹ́ ẹ fi dè é mọ́ páìpù dídán á yọ̀ kúrò lọ́jọ́ kan ni, ìgbà tẹ́ ẹ bá sì ń sáré ló máa yọ̀.

Níbo ni mo ti lè rí i láyìíká Ifẹ̀ àti Iléṣà?

Ti Bẹ́ǹsì, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta Tòkunbọ̀ Bẹ́ǹsì, tí kò bá sí nílùú, Araromi ní Gate Ìbàdàn tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó lẹ máa ránṣẹ́ sí. Ẹ mú ògbólógbòó ẹ̀ dání lọ, àti nọ́ọ̀tì ẹ̀. Ẹ má fẹnu júwe ẹ̀ lórí fóònù, ohun mìíràn ni wọ́n máa gbé fún yín.

Kọ́pà, ẹ lọ bá àwọn tó ń tún fíríìjì àti A/C ṣe. Wọ́n ní kọ́pà oríṣiríṣi, wọ́n sì ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣí ẹnu páìpù gbagada, èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ò ní. Ìwọ̀n ínṣì 1/8 lẹ máa bèèrè, ìyẹn mílímítà mẹ́ta àti díẹ̀. Àmọ́ wọ́n lè gbé kápílárì fíríìjì fún yín, ẹ má gbà á, ihò inú ẹ̀ ti kéré jù, ìdọ̀tí kékeré báyìí á dí i, géèjì á sì máa falẹ̀. Páìpù búréèkì 3/16 náà ṣe é lò tí ẹ bá rí nọ́ọ̀tì tó bá a mu.

Háósì, àwọn tó ń tẹ háósì katapílà àti típà ni kẹ́ ẹ wá lọ. Wọ́n lè tẹ kúkúrú fún yín pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tó yẹ, kódà ó máa ń lágbára ju èyí tẹ́ ẹ máa rà nínú páálí lọ.

Báwo ni iṣẹ́ pípààrọ̀ ẹ̀ ṣe ń lọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin?

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ tú orí bátìrì nẹ́gẹ́tíìfù kúrò kẹ́ ẹ tó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, torí páìpù irin lẹ fẹ́ fà gba àárín wáyà tó ní iná lára, tó bá kan ọ̀kan, iná á ṣẹ́ yọ, ó lè jó wáyà tàbí kó dá páìpù tuntun yín lu. Ẹ tẹ́ àkísà sábẹ́ géèjì kẹ́ ẹ tó tú nọ́ọ̀tì, ọ́ìlì díẹ̀ á kán, ọ́ìlì ò sì ṣe é fọ̀ kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì.

Sípánà méjì lẹ máa lò ní ìdí ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan di idẹ tó wọnú ẹ́ńjìnnì mú kó má yí, èkejì tú nọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá lo ẹyọ kan máa ń yí gbogbo ẹ̀ pọ̀, idẹ á kán sínú ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ wákàtí kan á di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Mọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ bíi MGB, sípánà onínṣì ló ń lò: 13 máa wọ orí nọ́ọ̀tì ínṣì 1/2 lóòótọ́, àmọ́ kò dì í mú dáadáa, idẹ sì rọ̀, á bó o lórí.

Ibi tí páìpù ti gba ara irin wọ inú mọ́tò, ẹ rí i dájú pé rọ́bà wà níbi ihò náà. Ẹ má fi í sílẹ̀ láìsí rọ́bà, etí irin yẹn á gé páìpù. Ẹ gbé e jìnnà sí sáléńsà, sí ìtẹ̀ búréèkì àti ọ̀pá ìdarí, ẹ fi kílíìpù dè é. Tó bá jẹ́ èyí tó ń lo òrùka idẹ kékeré ni, ẹ gé ẹnu páìpù gún régé, ẹ fẹ́ ìdọ̀tí inú ẹ̀ jáde, ẹ ti páìpù wọlé títí kò fi lè lọ mọ́, ẹ fọwọ́ mú nọ́ọ̀tì le, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi sípánà yí i ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yípo. Ẹ má lo agbára jù, tó bá ń jò ẹ ṣì lè fi díẹ̀ kún un, àmọ́ òrùka tó bá ti tẹ̀ jù ò ṣe é tún ṣe.

Ní ìdí géèjì àwọn Smiths, wáṣà awọ kékeré kan wà níbẹ̀. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ inú nọ́ọ̀tì àtijọ́, àwọn èèyàn á sì jù ú nù pọ̀ mọ́ ọn láìmọ̀. Ẹ wá a. Tó bá ti gbẹ, ẹ gé tuntun lára awọ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi ọ́ìlì rẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ sítáàtì, ẹ jẹ́ kó wà ní sìló, ẹ fi tíṣù nu gbogbo ojú ibi tẹ́ ẹ ti so nǹkan, ẹ tẹná díẹ̀, ẹ tún nu ún. Ẹ wọn ọ́ìlì nígbẹ̀yìn.

Ṣé dandan ni kí n yọ afẹ́fẹ́ inú páìpù bíi ti búréèkì?

Kì í ṣe dandan. Bí pọ́ǹpù ṣe ń ti ọ́ìlì ló ń ti afẹ́fẹ́ náà, iye kan náà ni géèjì á kà. Tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ nínú ẹ̀, abẹ́rẹ́ kàn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gòkè ni. Tí ìyẹn bá ń dà yín láàmú, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn géèjì díẹ̀ pẹ̀lú àkísà nídìí ẹ̀ kí ẹnì kan sítáàtì, bí ọ́ìlì ṣe yọ lójú ibẹ̀ kẹ́ ẹ mú un le padà.

Ṣé kí n fi tépù púlọ́ḿbà tàbí gọ́ọ̀mù gásíkẹ́ẹ̀tì sí i kó má baà jò?

Gọ́ọ̀mù, rárá. Ó máa ń já lẹ́yọ lẹ́yọ, èyí tó já á sì wọnú ibi tí ọ́ìlì ń gbà. Tépù, ibi tí tẹ̀rẹ́ẹ̀dì, ìyẹn eyín ara idẹ, ti ń tín-ín-rín lọ síwájú nìkan ló wà fún, ẹ fi tẹ̀rẹ́ẹ̀dì méjì iwájú sílẹ̀ láìwé. Ibi tí òrùka idẹ tàbí wáṣà wà, tépù ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, òrùka àti wáṣà yẹn ló ń dí i.

Bẹ́ǹsì W123 ni tèmi. Rìwáyà tún iná dáṣíbọ́ọ̀dù ṣe, ọ́ìlì wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ó fa ojú géèjì jáde pẹ̀lú agbára ni. Odidi àkójọ géèjì Bẹ́ǹsì yẹn, rọ́bà tó yí i ká ló dì í mú, kò sí síkúrúù níwájú. Irin oníkọ́ méjì ni wọ́n máa ń ki bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ láti fi fà á. Àmọ́ lẹ́yìn ẹ̀, páìpù ọ́ìlì àti kébùlù sipidómítà ṣì wà lára ẹ̀, wọn ò sì gùn. Ẹni tó bá fà á wá sọ́dọ̀ ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti tẹ ike tó ti gbó nídìí nọ́ọ̀tì nìyẹn, á sì là.

Ohun tó dáa ni kí ẹnì kan máa ti páìpù wá láti inú ẹ́ńjìnnì bẹ́ ẹ ṣe ń fa géèjì jáde, kẹ́ ẹ fà á kìkì ibi tí ọwọ́ á ti dé nọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ tú u, kẹ́ ẹ tó gbé gbogbo ẹ̀ jáde. Tí ike yín bá ti di bíráùn, ẹ kúkú ra tuntun sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó pe rìwáyà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé ibi tó là kí wọ́n tún un so, á ti kúrú jù, ìgbà tí wọ́n bá tún fa géèjì lẹ́ẹ̀kan sí i ló máa já pátápátá.

Mo fẹ́ fi géèjì sí Ìjàpá tàbí 504 mi tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ṣé páìpù náà ni kí n lò?

Fún 504, bẹ́ẹ̀ ni, kò le. Ẹ lo idẹ oníyà méjì, T ni wọ́n ń pè é, kí súwíìṣì iná pupa lè wà ní ẹnu kan, páìpù ní ẹnu kejì. Ẹ má yọ iná pupa kúrò nítorí géèjì, àwọn méjèèjì ló yẹ kó wà. Ẹ má sì to idẹ lé idẹ jáde lára ẹ́ńjìnnì, bó bá ṣe gùn sí ló ṣe máa gbọ̀n sí, á kán lọ́jọ́ kan. Háósì kúkúrú ni kẹ́ ẹ fi gbé T náà lọ síbi tí ẹ ti máa dè é mọ́ bọ́dì.

Fún Ìjàpá, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, iwájú ni géèjì. Páìpù tó kún fún ọ́ìlì á wá gba abẹ́ gbogbo mọ́tò kọjá, mi ò fẹ́ràn ìyẹn rárá lójú ọ̀nà olókùúta wa. Géèjì oníná ni kẹ́ ẹ lò, wáyà kan péré ló ń lọ síwájú.

Nọ́ọ̀tì náà wọlé yípo méjì ó wá há. Ṣé kí n fi sípánà tì í lọ?

Ẹ dúró o, ẹ má tì í. Tẹ̀rẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ló jọra níbí, ojú lásán ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. BSP 1/8, ìwọ̀n tí mọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò, ní eyín 28 nínú ínṣì kan, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ mílímítà 9.73. NPT 1/8 tó wà lára ọ̀pọ̀ géèjì Amẹ́ríkà àti ti Ṣáínà ní eyín 27. M10 tí eyín ẹ̀ fi mílímítà kan jìnnà síra, òun ló wà lára Ìjàpá. Gbogbo wọn á gba ara wọn wọlé díẹ̀ kí wọ́n tó há. Tẹ́ ẹ bá fagbára tì í, ara ẹ́ńjìnnì ni tẹ̀rẹ́ẹ̀dì á ti bàjẹ́, kì í ṣe ara idẹ tí ẹ rà lówó pọ́ọ́kú.

Ẹ mú súwíìṣì iná pupa tó wà lára ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ idẹ tuntun níwájú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Tí eyín méjèèjì bá wọnú ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìsí àlàfo, wọ́n bára mu. Tí àlàfo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní àárín, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ páìpù, géèjì ń ka iye tó kéré ju ti tẹ́lẹ̀. Ṣé páìpù tuntun ò dáa ni?

Páìpù kì í sábà jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọ́ìlì inú ẹ̀ kì í ṣàn lọ ṣàn bọ̀, ó kàn dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń tì í ni, torí náà bí ihò ẹ̀ tilẹ̀ kéré, abẹ́rẹ́ á kàn pẹ́ kó tó débẹ̀ ni, ibi tó yẹ náà ló máa dúró sí. Kó tó lè ka iye tó kéré láti ara páìpù, ó gbọ́dọ̀ máa jò níbì kan. Tí kò bá jò, ẹ bi ara yín bóyá ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì nígbà kan náà, bóyá ẹni kan da èyí tó fúyẹ́ sí i dípò 20W-50 tó ki, tàbí bóyá páìpù àtijọ́ ti dí tí abẹ́rẹ́ sì há sókè látọjọ́ pípẹ́, tó jẹ́ pé ìsinsìnyí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí òtítọ́.

Ẹ ka géèjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa, kì í ṣe láàárọ̀ ọyẹ́ tí ọ́ìlì ki tí abẹ́rẹ́ sì ń ga. Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń lò ni psi 10 fún ìyípo 1,000 tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Géèjì Bẹ́ǹsì W123, bar ló ń kà, láti 0 dé 3, bar kan sì jẹ́ bíi psi 14.5. Ó lè sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ 1 ní sìló tó bá gbóná, ẹ má bẹ̀rù, kó ṣáà ti fò sókè lọ sí 3 bẹ́ ẹ ṣe tẹná. Tí kò bá fò, ẹ so géèjì mìíràn mọ́ ẹ́ńjìnnì tààrà láti fi wádìí kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ká tú ẹ́ńjìnnì.

Abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n, nígbà mìíràn á já sílẹ̀ á tún gòkè. Kí ló fà á?

Ìgbà wo ló ń já ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá yà ní kọ́nà, tí ẹ tẹ búréèkì, tàbí tí ẹ ń gun àwọn òkè ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ọ́ìlì ti kéré nínú súǹpù, ó ń ṣí kúrò lẹ́nu pọ́ǹpù. Ẹ páàkì kẹ́ ẹ wọn ọ́ìlì lójú ẹsẹ̀.

Tó bá kàn ń gbọ̀n wìrìwìrì nígbà gbogbo tí ọ́ìlì sì pé, bí pọ́ǹpù ṣe ń lù ló ń rí, ihò páìpù ló tóbi jù. Wọ́n máa ń ta idẹ kan tí ihò inú ẹ̀ tín-ín-rín, ẹ fi sí ìdí ẹ́ńjìnnì, abẹ́rẹ́ á balẹ̀. Mo fẹ́ràn idẹ yìí fún ìdí mìíràn pẹ̀lú: tí páìpù bá já, ọ́ìlì ò ní yára dà nù.

Páìpù já mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín Òṣú sí Iléṣà. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má ní ẹ fẹ́ rọra wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Tó bá jẹ́ kọ́pà ni, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ gé e nítòsí ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi òkúta tàbí òòlù lù ú pẹlẹbẹ. Á gbé yín délé. Ike tàbí náílọ̀n ò ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀, á yọ́ sílẹ̀, ẹ ní láti tú u kúrò lára ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ fi púlọ́ọ̀gì dí ojú ẹ̀. Púlọ́ọ̀gì yẹn, tó bá tẹ̀rẹ́ẹ̀dì ẹ́ńjìnnì yín mu, kó máa gbé inú píjìnhóòlù mọ́tò yín, pẹ̀lú sípánà tó wọ̀ ọ́ àti ọ́ìlì lítà kan ó kéré tán.

Ẹ da ọ́ìlì sí i títí á fi dé ojú ìlà kẹ́ ẹ tó sítáàtì, ẹ wo iná pupa pé ó kú, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń kan kọ̀kọ̀kọ̀, ẹ má sítáàtì ẹ̀ mọ́, ẹ wá ẹni fa mọ́tò.

Kọ́pà àtijọ́ mi ò tíì là, àmọ́ ó ti le. Ṣé mo lè sọ ọ́ di rírọ̀ padà?

Ẹ lè ṣe é tí kò bá sí ibi tó là. Ẹ tú u kúrò pátápátá, ẹ fi pẹtiróòlù fọ inú ẹ̀ níta gbangba níbi tí kò sí iná, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fẹ́ atẹ́gùn gbà á kọjá títí kò fi ní sí ọ̀rinrin tàbí òórùn pẹtiróòlù nínú ẹ̀ mọ́. Ìgbà náà, ẹ fi iná gáàsì yan án díẹ̀díẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan sí èkejì. Ẹ ṣe é níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí àwọ̀ ẹ̀: á kọ́kọ́ dúdú, lẹ́yìn náà á wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìpọ́n yẹn tó, ẹ má dúró dìgbà tó máa tàn yòò, torí tín-ín-rín yẹn á yọ́ lójú ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ tì í bọ omi. Tẹ́ ẹ bá gbé e, á tẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ tún fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ tó so ó padà, ìpáàpá dúdú máa ń ṣẹ́kù nínú ẹ̀.

Páìpù kọ́pà tuntun gbóná janjan nígbà tí mo ń sítáàtì, náílọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sì yọ́. Ṣebí ọ́ìlì ò tíì gbóná nígbà yẹn?

Iná bátìrì ló ń gba inú ẹ̀ kọjá. Wáyà tó nípọn kan wà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì mọ́tò, áàtì ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti jẹrà tàbí tó ti já, iná ńlá tí sítátà ń fà á wá ọ̀nà mìíràn padà sí bátìrì, irin tín-ín-rín èyíkéyìí tó bá so ẹ́ńjìnnì àti bọ́dì pọ̀ ló máa gbà, ìbáà ṣe kébùlù ṣóòkì, kébùlù ìtẹná, tàbí páìpù ọ́ìlì yín. Háósì onírin híhun náà lè gbé e. Tí ẹ bá kàn tún páìpù mìíràn so láìwo ìyẹn, òun náà á jó.

Ẹ wá kébùlù tí wọ́n fi ń jáńpù bátìrì, ẹ fi ẹnu kan gé ara irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́, ẹnu kejì sí orí bátìrì tí wọ́n so mọ́ bọ́dì (nẹ́gẹ́tíìfù ló sábà máa ń jẹ́), ẹ wá sítáàtì. Tí sítátà bá yí kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí páìpù ò sì gbóná mọ́, áàtì ni. Ẹ tú wáyà náà lórí méjèèjì, ẹ fi sáńpépà fọ ojú ibi tó ti dúró títí irin á fi funfun, tàbí kẹ́ ẹ ra tuntun tó nípọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ yọ kọ́pà tó gbóná náà, ẹ má tún un lò, kẹ́ ẹ wá fi tuntun sí i.